Ìyá Ṣùkúrù Kò Dáhùn

Ọ̀rọ̀ bàtà ni wàhálà ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò tíì yọ dáadáa ní Fìdítì nígbà tí Ìyá Ṣùkúrù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, jáde síta pẹ̀lú sálúbàtà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n rà fún un nígbà Iléyá. Léèsì pupa ló wọ̀. Ìborùn rẹ̀ pupa, báàgì rẹ̀ pupa. Ó ti fi lọ́fíńdà para débi pé ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùkúrù ọmọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò wá láti Ìbàdàn. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ wo igbó ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko, kí ìyá náà lè sinmi díẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó látòkè délẹ̀.

"Màámi, igbó là ń lọ o. Ṣé mi ò sọ fún yín lánàá ni?"

"O sọ. Ta ló ní o ò sọ?"

"Mo ní kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Mo ní kí ẹ má wọ aṣọ tó ń pe ojú."

"Igbó tí ìjọba ń gbálẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ṣé igbó nìyẹn? Àlejò ni mo fẹ́ lọ ṣe. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ẹranko rò pé mi ò láṣọ ni?"

Ṣùkúrù yíjú sí mi, bí ẹni pé kí n bá òun dá sí i. Mo wo ilẹ̀. Èmi Bàrákátù kì í bá àgbà jiyàn. Inú ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi ní kéú àti ìwé, ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ni mo jókòó sí dàgbà. Gbígbọ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ sísọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Kí lo wí?" Bí mo bá tún un sọ, á ní, "Má jẹ́ kó dùn ọ́, mi ò gbọ́." Èmi náà á ní kò sí nǹkan.

Síbẹ̀, èmi ni bàbá mi fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kó kúrò lójú ẹ o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, oògùn rẹ̀ àti omi rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ. O ṣáà mọ̀ ọ́n." Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ̀kọ ni Ìyá Ṣùkúrù ń tà. Títí di òní, ewé eéran ló fi ń wé e, nígbà tí àwọn yòókù ti kó tiwọn sínú náílọ́nù. Ewé náà ti wá wọ́n débi pé ó ń rán ènìyàn lọ wá a káàkiri. Ẹ lè bú ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kó rẹ́rìn-ín. Ẹ lè bú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má dárúkọ ẹ̀kọ Ilora lójú rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ilora tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan náà, àwọn ènìyàn kan sì máa ń sọ pé ti Ilora yẹn dì dáadáa ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti fọ́ ìpàdé àsáláátù rí.

Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà igbó náà, aṣọ́gbó tí wọ́n fi ṣáájú wa jáde. Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jobele, ó gùn, ó gbẹ, ìbọn kọ́ èjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ èrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹ má gbé oúnjẹ wọlé, ẹ má fún ẹranko lóúnjẹ. Ẹ má já ewé, ẹ má ṣa igi. Bí ẹ bá wá ṣèèṣì sọnù," ó wo léèsì pupa náà, ó mí kanlẹ̀, "ẹ dúró lójú kan, ẹ má rìn kiri. Ẹ fọn fèrè yìí. Tí ẹ bá sì gbọ́ tí à ń pè yín, ẹ dáhùn."

"'Ẹ má' yìí pọ̀ o, ọmọ mi," ni Ìyá Ṣùkúrù wí. "Kí wá ni ká máa ṣe?"

"Kí ẹ máa wò, mà."

"Ká máa wò. Èmi tí mo fi ọjà sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé bá a wá bàtà òjò kan láti inú ọ́fíìsì. Ìyá Ṣùkúrù yí i padà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bi í pé ẹsẹ̀ ta ló ti wà nínú rẹ̀ kí tòun tó dé, ó sì dá a padà. Fèrè náà, ọwọ́ mi ló kì í bọ̀. "Fèrè nínú igbó? Ṣé ejò lẹ fẹ́ ká máa pè ni? Gbà, Bàrákà, ìwọ tí o ò lè fọn ún."

Ọsàn ló fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Mo rí i. Mo rọra sọ fún un pé wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé, ó ní, "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. Ó ní òun ò gbọ́. Nígbà tó ṣe, ọ̀bọ ló gbọ́ fún un. A kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀bọ ńlá kan fi sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, ó rìn tààrà lọ bá a bí ẹni tó wá gba ẹrù rẹ̀, ó já náílọ́nù ọsàn náà gbà, ó sì kó ìborùn mọ́ ọn. Ṣùkúrù pariwo. Aṣọ́gbó sáré wá. Ìyá Ṣùkúrù ń bá ọ̀bọ wí.

"Wò ó, kò tiẹ̀ kí mi! Mo fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ o! Ọsàn Fìdítì nìyẹn o, má jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ koríko!"

"Màámi," ni Ṣùkúrù wí, ó di orí mú, "wọ́n ní kí ẹ má gbé oúnjẹ wá."

"Ọsàn kì í ṣe oúnjẹ. Èso ni."

Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé kọjú síwájú, ó ń rìn, àmọ́ mo rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, a dé etí odò kan tí igi bò. Ibẹ̀ tutù, ó dára. Ṣùkúrù gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n ya òun pẹ̀lú àpáta. Ó ní kí n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ikùn òun yọ nínú tàkọ́kọ́. Mo tún un yà. Ó ní kí n gbé fóònù sókè díẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ìyá Ṣùkúrù kò sí níbẹ̀ mọ́.

Igi ló wà níbi tó dúró sí. Láàárín àwọn igi náà, títí lọ sí ọ̀nà tí ojú ò lè rí dé òpin rẹ̀, ewé eéran hù, ó gbòòrò, ó ń dán. Wọ́n ti já àwọn kan nídìí. Omi ṣì ń sun lójú ibi tí wọ́n ti já wọn. Mi ò ní láti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àwọn àgbà wọ̀nyí!" ni Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé wí. Ó wo oòrùn, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Odò yìí ni ẹfọ̀n ti máa ń mu omi tó bá di ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá bá ènìyàn láàárín ewé yìí, wọn ò ní bi í ní ìbéèrè. Ẹ pè é. Ẹ pè é kíákíá."

Ṣùkúrù ké: "Màámi o! Màámi!"

Kò sí ìdáhùn.

"Ìyá Ṣùkúrù o!" ni aṣọ́gbó ké. Ohùn rẹ̀ lágbára, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Kò sí ìdáhùn. Ó gba fèrè lọ́wọ́ mi, ó fọn ún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kò sí ìdáhùn. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti Ìyá Ṣùkúrù sì wà nínú báàgì pupa nínú mọ́tò. Omi rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́ mi.

"Kò lè tíì jìnnà," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé ń wí. "Pẹ̀lú sálúbàtà yẹn? Kò lè jìnnà. Ó yẹ kó máa gbọ́ wa. Àfi tí nǹkan bá ti..." Ó dákẹ́ nígbà tó rí ojú Ṣùkúrù.

Ṣùkúrù ti ń sunkún. Ó ń ké bí ọmọdé. "Màámi! Èmi ni o! Ṣùkúrù yín ni! Èmi tí ẹ bí nígbà òjò, tí òrùlé ń jò lé yín lórí!"

Bó ṣe sọ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ń rán wa lọ ṣẹ́gi lẹ́yìn ilé, Ìyá Ṣùkúrù yìí kan náà ló máa ń na ìka sójú wa: bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín nínú igbó, tí ẹ ò rí ojú ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn ìyá tó bí yín, ẹ má dáhùn. Iwin ló ń jí ohùn ènìyàn lò. Ẹ jókòó, ẹ pa ẹnu mọ́, títí ohùn náà á fi rẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà ń gbọ́ wa. Ó jókòó síbì kan níbẹ̀, ó ń gbọ́ wa ketekete, ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí kí ó rẹ̀ wá.

"Wọn ò ní dáhùn," ni mo wí.

"Kí lo wí?" ni Ṣùkúrù wí.

"Mo ní wọn ò ní dáhùn."

"Mi ò gbọ́, Bàrákà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n pe ìyá mi."

Ó tó gẹ́ẹ́. Láti òwúrọ̀, kí lo wí, kí lo wí. Mo di ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo fà á. "Ẹ̀gbọ́n mi Ṣùkúrù, wọ́n rò pé iwin ni yín!"

Àwọn méjèèjì wò mí. Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé ló kọ́kọ́ yé. Ó jókòó sórí òkúta.

"Mo ní kí ẹ dáhùn," ló ń wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́." Ó mi orí. "Ìyá mi ní Jobele náà ò jẹ́ dáhùn. Kí n má purọ́, èmi alára, ká ní mi ò wọ aṣọ iṣẹ́ yìí..."

"Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi!" ni Ṣùkúrù wí. "Mo sọ ọ̀rọ̀ òrùlé fún un! Ta ló mọ ọ̀rọ̀ òrùlé?"

"Iwin," ni mo wí. "Bí ẹ ṣe ń sọ àṣírí tó, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rù á máa bà wọ́n tó."

Lódìkejì odò, igi kan ṣẹ́. Aṣọ́gbó gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. Òmíràn ṣẹ́, tó lọ́ra, tó wúwo. Ó mú ìbọn kúrò léjìká.

Mo ronú sí ohun tí iwin kò lè sọ. Orúkọ, ó lè sọ ọ́. Oríkì, ó lè kì í. Ẹkún, ó lè sun ún. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú kí Ìyá Ṣùkúrù la ẹnu, bí ẹnu ọ̀hún tilẹ̀ wà nínú sàréè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ kì í sọ ọ́. Mo fa èémí.

"Ẹ̀kọ Ilora dára ju ti Fìdítì lọ," ni mo wí.

"Kí lo wí?" ni àwọn méjèèjì bi mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá 'kí lo wí' yẹn ni. Mo ṣí ẹnu mi, ohùn kan jáde tí mi ò mọ̀ pé ó ń gbé inú mi.

"Ẹ̀KỌ ILORA DÁRA JU TI FÌDÍTÌ LỌ!"

Igbó dákẹ́ rọ́rọ́.

"TI FÌDÍTÌ KÌ Í DÌ! OMI LÓ PỌ̀ NÍNÚ Ẹ̀! Ó Ń KAN KÍ ILẸ̀ TÓ ṢÚ!"

"IRỌ́ LO PA!"

Apá òsì ni, lẹ́yìn igi ńlá kan, kò tiẹ̀ jìnnà. Ṣùkúrù kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúpẹ́. Aṣọ́gbó gbá a lẹ́yìn, ó ní kó dìde.

"Má dákẹ́," ló wí fún mi. "Jẹ́ ká fi ohùn wọn rìn. Sọ òmíràn."

"Mi ò ní òmíràn mọ́."

"Wá òmíràn!"

"WỌ́N NÍ ÀGBÀDO TÍ KÒKÒRÒ TI JẸ LẸ FI Ń ṢE É!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu ta ló ti jáde? Kó wá sọ ọ́ lójú mi!"

"WỌ́N NÍ Ẹ Ò SẸ́ Ẹ DÁADÁA! WỌ́N NÍ ÈÈPO WÀ NÍNÚ Ẹ̀!" Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé ló sọ ìyẹn, ẹni tí kò jẹ ẹ̀kọ náà rí láyé rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bàtà òjò yẹn ṣì ń dùn ún.

"Ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú? Ẹ pọ̀ o! Ẹ dúró síbẹ̀, mo ń bọ̀ wá bá yín!"

"Ẹ MÁ WÁ! Ẹ DÚRÓ LÓJÚ KAN!" ni gbogbo wa ké pọ̀.

Ìdí igi la ti bá a. Ó jókòó sórí ìdì ewé eéran tó tóbi ju òun alára lọ, ó fi ọ̀já sálúbàtà kan tó ti já di ìdì náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú níbi tí ẹ̀gún wọ̀ ọ́. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo fún un lómi, ó mu ún tán láì gbé ike náà kúrò lẹ́nu. Mo fún un ní oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ni?"

"Àwa ni, Màámi," ni Ṣùkúrù wí. "À ń pè yín láti ìgbà yìí."

"Mo gbọ́. Ohùn kan tiẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ òrùlé tó jò. Mo ní háà, iwin yìí mà kàwé o, ó mọ ìtàn ìdílé. Mo wá pa ẹnu mọ́ dáadáa."

"Kí ló dé tí ẹ wá fi dáhùn nígbà tí a bú ẹ̀kọ yín?"

Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀. "Kí ni iwin fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ ṣe? Ọmọ aráyé ló ń ba ọjà ọmọlàkejì rẹ̀ jẹ́."

Igi tún ṣẹ́, ó sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ́gbó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùkúrù pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, léèsì pupa ń fẹ́ lẹ́yìn wọn, a sì rọra kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a gun òkè kékeré kan, Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé nawọ́ sẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹfọ̀n dúdú, ńlá, pẹ̀lú ìwo rẹ̀ tó tẹ̀, dúró láàárín ewé eéran náà, ó ń gbọ́ òórùn ìdì ewé tí a fi sílẹ̀ nídìí igi. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ṣùkúrù náà rí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ fún mọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó ti yé e. Mo rò pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ́gbó, bóyá á bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi," ló wí fún un nígbà tó ti jókòó sínú mọ́tò, "àwọn ẹfọ̀n yẹn, ṣé wọ́n máa ń jẹ ewé eéran?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Nítorí pé tí wọn ò bá jẹ ẹ́, ẹ lè bá mi gbé e tí wọ́n bá ti lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà pa. Ó pa á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó pa á.

Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Ìyá Ṣùkúrù. Ta ló ní ẹ̀kọ òun kì í dì? Níbo ni mo ti gbọ́ ọ? Ṣé mo ti jẹ ti Ilora rí ni? Mo ní rárá o, mo kàn sọ ọ́ kí a lè rí yín ni. Ó ní ènìyàn kì í kàn ṣàdédé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní láti ti wà nínú ẹni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí ìjókòó mọ́tò, orí mi kan òrùlé. Ṣùkúrù ń wo iwájú, ó ń wa mọ́tò bí ẹni tó fẹ́ tètè dé Ìbàdàn, kó sì má padà wá mọ́.

Bí a ṣe ń wọ Ilora, ó ní, "Ṣùkúrù, dúró."

"Màámi, ẹsẹ̀ yín wú."

"Mo ní dúró."

Ó rán mi sọ̀kalẹ̀. Mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo padà wọ mọ́tò, Ìyá Ṣùkúrù gbà á, ó gbé e sójú iná mọ́tò, ó yí i sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún.

"Náílọ́nù," ló wí. Inú rẹ̀ dùn. "Wò ó. Náílọ́nù ni wọ́n fi wé e."

Lẹ́yìn náà ó tú u, ó bu díẹ̀, kò sì fi sẹ́nu ara rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Bàrákà, ìwọ tí o ní ohùn tó bẹ́ẹ̀, tí o ń fi í pamọ́ fún wa. Jẹ ẹ́. Kí o sọ òótọ́ fún mi."

Mo fi í sẹ́nu. Ó dì. Ó tutù lọ́fun, kò kan rárá, ó sì dùn.

Ó tẹjú mọ́ mi. Ṣùkúrù ń wò mí nínú dígí mọ́tò, ó ń fi ojú bẹ̀ mí.

Mo sọ nǹkan kan.

"Kí lo wí?" ni Ìyá Ṣùkúrù wí.

Mo ní kò sí nǹkan.